Máàpù Ewéko Ìbàdàn àti Àwọn Ibi Tí Kò Sí Àmì

Lórí máàpù àgbáyé tí wọ́n ń to àkọsílẹ̀ ewéko sí, àmì kékeré kọ̀ọ̀kan dúró fún ẹnì kan tó dé ibì kan ní ọjọ́ kan, tó sì jẹ́rìí pé òun rí ewéko báyìí níbẹ̀. Ibi tí kò bá sí àmì, ohun tó ń sọ fún wa kò ju pé kò sí ẹni tó tíì jẹ́rìí nípa rẹ̀. Ewéko lè kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba bí a bá sọ ọ́ báyìí, ṣùgbọ́n àwọn tó ń pinnu ibi tí títì yóò gbà, ibi tí wọn yóò kọ́lé sí àti igbó tí wọn yóò dá sí kì í fi gbogbo ìgbà rántí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tẹ́ máàpù síwájú. Àmì máa ń ṣù jọ sí ẹ̀bá títì, sí ọgbà yunifásítì àti sí àyíká àwọn ilé-iṣẹ́ ìwádìí, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn tó ń ya àwòrán ń rìn. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé mímọ ewéko ìbílẹ̀ Ìbàdàn àti títò wọ́n sórí máàpù jẹ́ iṣẹ́ tí àwa tí a ń gbé ìlú yìí gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara wa ṣe, kí a sì ṣe é dáadáa, nítorí pé àmì tí a kò fi ìṣọ́ra fi sílẹ̀ burú ju àìsí àmì lọ.

Ojú ààlà ni Ìbàdàn wà. Igbó kìjikìji ti gúúsù ń parí sí ọ̀dọ̀ wa, ọ̀dàn ti àríwá sì ń bẹ̀rẹ̀. Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde jáde, yóò kan Ìdí-Ayúnrẹ́ àti igbó ìjọba Gámbàrí. Bí ó bá gba ọ̀nà Ọ̀yọ́, yóò kan Ìdí-Osè lẹ́bàá IITA, ilé-iṣẹ́ àgbáyé fún ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru. Igi inú igbó ni ayúnrẹ́, igi ọ̀dàn ni osè. Àwọn orúkọ àdúgbò wọ̀nyí jẹ́ àkọsílẹ̀ ewéko fúnra wọn, wọ́n sì ti wà tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé fóònù. Mo kó wọn jọ, pẹ̀lú Ìdí-Iṣin ní agbègbè Jẹ́ríkò àti àwọn mìíràn, sí ìpele kan ọ̀tọ̀ nínú QGIS, ìyẹn sọ́fútíwíà ọ̀fẹ́ fún yíya máàpù tí Gary Sherman bẹ̀rẹ̀ ní 2002. N kò kà wọ́n sí ẹ̀rí tó bá fọ́tò dọ́gba, nítorí pé igi tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àdúgbò lè jẹ́ igi tí ẹnì kan gbìn, ó sì lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tó yàtọ̀ sí gbogbo ohun tó yí i ká, kí ó sì jẹ́ pé ìyàtọ̀ yẹn gan-an ló mú kí àwọn ènìyàn fi í júwe ibẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá gbé ìpele náà lé orí àwòrán sátẹ́láìtì, a ó rí àwọn ibi tó yẹ kí a lọ wò. Nínú ọgbà IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, igbó kan ṣì wà tó tó nǹkan bí 350 hẹ́kítà, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ilẹ̀ oko tẹ́lẹ̀ tí wọ́n jẹ́ kó padà di igbó. Èyí fi hàn pé ilẹ̀ agbègbè wa kò tíì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń hu igi, bí a bá fi í sílẹ̀.

Áàpù méjì tó ń ti ara fọ́tò dá ewéko mọ̀ ni mo máa ń lò jù. Èkíní ni iNaturalist, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní Yunifásítì California ní Berkeley bẹ̀rẹ̀ ní 2008 gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣekágbá fún oyè kejì wọn, tó sì ti di àjọ olómìnira tí kì í wá èrè láti 2023. Èkejì ni Pl@ntNet, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìwádìí ilẹ̀ Faransé pawọ́ pọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2009. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Ó yẹ kí ẹni tó ń lò wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò sí ìwé ewéko kan tí áàpù ń ṣí wò nígbà tí a bá ya àwòrán. Àwọn tó ṣe é kó àìmọye fọ́tò tí ènìyàn ti fún lórúkọ fún kọ̀ǹpútà, wọ́n sì jẹ́ kó fúnra rẹ̀ wá ohun tó ya ẹ̀yà kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Nígbà tí fọ́tò tuntun bá dé, yóò ṣírò bí ó ṣe jọ àwọn ẹ̀yà tó ti kọ́, yóò wo ohun tí wọ́n ti rí ní àgbègbè náà tẹ́lẹ̀, yóò sì to orúkọ sílẹ̀ láti orí èyí tó jọ jù. Nítorí náà, ẹ̀yà tí kọ̀ǹpútà kò kọ́ kò lè jáde nínú ìdáhùn rẹ̀ láéláé. Ní iNaturalist, ẹ̀yà kan nílò nǹkan bí 100 fọ́tò kí ó tó lè wọ inú ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni púpọ̀ jù lọ nínú àwọn fọ́tò náà ti wá. Bí a bá ya máńgòrò tàbí dógóńyárò, orúkọ rẹ̀ yóò jáde kíákíá, nítorí pé gbogbo ayé ni wọ́n ti ń gbìn wọ́n. Bí a bá ya ìtàkùn kan láti inú Gámbàrí, ó ṣeé ṣe kí áàpù náà fún wa ní orúkọ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó ń hù ní Bùràsíìlì tàbí ní Éṣíà, kí ó sì gbé e jáde bí ẹni pé ó dá a lójú.

Ayúnrẹ́ jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. Ẹ̀yà Albizia mẹ́ta ó kéré tán ni àwọn ènìyàn wa ń pè bẹ́ẹ̀: Albizia zygia, Albizia adianthifolia àti Albizia ferruginea. Ẹni tó bá dúró lábẹ́ igi náà pẹ̀lú sùúrù lè ya zygia sọ́tọ̀, nítorí pé àwọn ewé wẹẹrẹ ara ewé rẹ̀ kò pọ̀, wọ́n sì tóbi, nígbà tí ti ferruginea pọ̀ gan-an tí wọ́n sì kéré. Fọ́tò kan ṣoṣo tí a yà láti ilẹ̀, tí ewé dúdú sí ojú ọ̀run, kò lè fi èyí hàn. Ìrókò tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ewé ìrókò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà máa ń ní eyín wẹẹrẹ létí, ó sì máa ń rí ṣákaṣàka lọ́wọ́. Ewé ti àgbà igi fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní eyín rárá. Ẹni tí kò mọ èyí yóò rò pé igi méjì ni. Ohun kan wà tí mo máa ń wá lára ìrókò kékeré, ìyẹn àwọn kókó tó máa ń wú sára ewé àti ọ̀mùnú rẹ̀ nítorí kòkòrò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Phytolyma. Kòkòrò yìí ló ń pa ọ̀pọ̀ ìrókò kékeré, òun ló sì mú kí gbígbìn igi náà lọ́pọ̀ yanturu ṣòro fún àwọn onímọ̀ igbó. Mo fẹ́ràn kí àwòrán kókó náà wà nínú àkọsílẹ̀, nítorí pé ó ń ran ìdánimọ̀ lọ́wọ́, ó sì ń sọ ìlera igi náà pẹ̀lú.

Nítorí náà, nígbàkígbà tí mo bá dúró ti igi kan, mo máa ń ya ojú ewé, ẹ̀yìn ewé, oríkèé tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka, èèpo igi, òdòdó tàbí èso bí ó bá wà, àti igi náà lódindi. Pl@ntNet pàápàá máa ń béèrè bóyá ewé, òdòdó, èso tàbí èèpo ni àwòrán kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ yìí gba àkókò, àwọn tó ń kọjá sì máa ń béèrè ohun tí mo ń wá lára igi. Mo máa ń ṣàlàyé fún wọn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti sọ fún mi ibi tí irú igi bẹ́ẹ̀ tún wà.

Lórí iNaturalist, àkọsílẹ̀ kan máa ń dé ipò tí àwọn olùwádìí lè lò nígbà tó bá ní fọ́tò, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti rí i, tí ó sì jẹ́ pé ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó fún un lórúkọ tí ohùn wọn ṣọ̀kan lórí ẹ̀yà náà. Ètò tó dára ni, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó ti lè jáni kulẹ̀. Bí ènìyàn méjì bá tẹ orúkọ tí áàpù dá lábàá, tí kò sì sí èyí tó mọ ewéko náà nínú wọn, ohùn wọn yóò ṣọ̀kan, ohùn ẹ̀rọ ni wọn yóò sì máa sọ. Ìmọ̀ràn mi ni pé bí a kò bá mọ ẹ̀yà, kí a dúró sí ìdílé tàbí ìran, ìyẹn ẹgbẹ́ tó gbòòrò ju ẹ̀yà lọ, tó dá wa lójú. Kí a kọ Albizia nìkan kò tini lójú rárá.

Ibi tí Ìbàdàn ti ní àǹfààní ju ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Áfíríkà lọ ni òkè Jẹ́ríkò, nínú ọgbà FRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa igbó. Ibẹ̀ ni ilé ìpamọ́ ewéko gbígbẹ tí gbogbo ayé mọ̀ sí FHI wà, àwọn ewéko tó wà níbẹ̀ sì ju 100,000 lọ. Wọ́n tẹ ewéko kọ̀ọ̀kan pẹrẹsẹ, wọ́n sá a gbẹ, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó já a, ọjọ́ tó já a, ibi tó ti já a àti irú ilẹ̀ tó wà sí igun kan. Fọ́tò lè tan ènìyàn jẹ. Ewéko gbígbẹ ṣeé gbé sábẹ́ awò asọhun-kékeré-di-ńlá, ó ṣeé yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, a sì lè yọ DNA lára rẹ̀. Lójú tèmi, kò sí áàpù kankan tí yóò rọ́pò àpótí wọ̀nyẹn. Ohun tí sọ́fútíwíà lè ṣe ni pé kí ó so wọ́n pọ̀ mọ́ ohun tí a ń rí lónìí, irú iṣẹ́ tí GBIF ń ṣe. GBIF yìí ni àjọ tí àwọn orílẹ̀-èdè dá sílẹ̀ ní 2001, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Copenhagen, tó ń kó àkọsílẹ̀ ilé ìpamọ́ àti ti àwọn ará ìlú pọ̀ sójú kan.

Síso wọ́n pọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, nítorí pé orúkọ ìjìnlẹ̀ máa ń yí padà. Lára àwọn páálí àtijọ́, Chlorophora excelsa ni wọ́n kọ fún ìrókò. Lónìí Milicia excelsa ni. Ewúro tí ọ̀pọ̀ ìwé ṣì ń pè ní Vernonia amygdalina ti di Gymnanthemum amygdalinum. Bí ẹni tó ń ṣe máàpù kò bá mú orúkọ àtijọ́ wá sábẹ́ tuntun, ìrókò yóò di igi méjì, ọ̀kan yóò dà bí ẹni pé ó ti parun láti ìgbà àwọn òyìnbó amúnisìn, èkejì yóò dà bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Orúkọ Yorùbá náà ní ààyè nínú iṣẹ́ yìí. Z. O. Gbile kó orúkọ ewéko ní èdè Yorùbá jọ, ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó náà sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Ìbàdàn ní 1984. iNaturalist gba kí a fi orúkọ ní èdè tiwa kún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, kì í sì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Mo ń fi wọ́n kún un díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ọmọdé tó bá wá ìrókò lè rí ìrókò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń gbóná láàárín èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ni ti ohun tí a lè pè ní ewéko ìbílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú imí-eṣú, tí ọ̀pọ̀ wa fi ń tọ́jú ojú ọgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí a mú rinrin, tí a máa ń kà pọ̀ mọ́ ọ̀dúndún àti tẹ̀tẹ̀ nígbà tí a bá ń wá ẹ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú àbámọdá, tí àwọn àgbà fi ń ṣàdúrà. Gẹ́gẹ́ bí ìwádìí àwọn onímọ̀ ewéko, ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà ni imí-eṣú àti rinrin ti ṣẹ̀ wá, àbámọdá sì ti Madagásíkà wá. Ẹnì kan lè gbọ́ èyí kí inú bí i, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gba ogún bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò rí i bẹ́ẹ̀. Ewé lè jẹ́ tiwa nínú ìmọ̀ ìṣègùn àti nínú ẹ̀sìn láìjẹ́ pé ilẹ̀ wa ni irúgbìn rẹ̀ ti kọ́kọ́ hù, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ṣe jẹ́ tiwa nínú àwo oúnjẹ. Àwọn baba wa tí wọ́n rí ewé àjèjì, tí wọ́n dán an wò, tí wọ́n fún un lórúkọ, tí wọ́n sì fi í sí ipò tó yẹ ẹ́, ṣe iṣẹ́ ìjìnlẹ̀ tí ó yẹ kí a bọlá fún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ máàpù ni láti sọ ibi tí ewéko ti wá àti ibi tí ó ń tàn dé. Nínú tábìlì tèmi, ibi tí ewéko ti ṣẹ̀ wá ní òpó tirẹ̀, ohun tí a fi ń ṣe ní òpó tirẹ̀, n kò sì jẹ́ kí èkíní pa èkejì rẹ́.

Ìyàtọ̀ yìí ní ipa gidi lórí ilẹ̀. Ewé Akíntọ́lá, Chromolaena odorata, tó bo ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán àti ẹ̀bá títì wa, Amẹ́ríkà ló ti wá. Ohun tí a rí kà nínú ìwé àwọn onímọ̀ ni pé inú irúgbìn gmelina tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka ní ìparí àwọn ọdún 1930 ló fara pamọ́ sí wọ Nàìjíríà. Gmelina fúnra rẹ̀ jẹ́ igi Éṣíà, òun àti tíìkì sì ni wọ́n gbìn sí apá púpọ̀ nínú igbó ìjọba Gámbàrí. Ẹni tó bá wo àwòrán sátẹ́láìtì nìkan yóò rí àwọ̀ ewé tútù, yóò sì rò pé igbó ìbílẹ̀ ṣì pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ wọ̀ ọ́, tó sì kọ ẹ̀yà igi kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ni yóò mọ ibi tí arère, àràbà àti ìrókò ti parí, tí oko igi ti bẹ̀rẹ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ igi tí ènìyàn gbìn. Akòko pọ̀ ní agboolé àtijọ́ Ìbàdàn, pèrègún sì wà lójú ààlà ilẹ̀ káàkiri. Igi ìbílẹ̀ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ló gbé púpọ̀ nínú wọn síbẹ̀. iNaturalist ní ibi tí a ti lè sọ pé ewéko kan kò hù fúnra rẹ̀, bí a bá sì sọ bẹ́ẹ̀, àkọsílẹ̀ náà kò ní dé ipò tí olùwádìí ń wá. Nítorí èyí, àwọn kan kì í fi àmì náà sí i. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi sí i. Máàpù tó fi akòko àgbàlá ṣe akòko igbó yóò ṣi àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́nà. Mo ń tọ́jú àwọn igi gbígbìn wọ̀nyẹn sínú ìpele tiwọn ní QGIS, nítorí pé wọ́n ń sọ ìtàn agboolé tí ilé rẹ̀ lè ti wó.

Ní ti ibi gan-an tí igi wà, ohun mẹ́ta péré ni n ó sọ. Lábẹ́ igi ńlá, GPS fóònù lè ṣìnà ní ọ̀pọ̀ mítà, nítorí náà ẹ dúró díẹ̀ kí ó balẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí áàpù kọ ìwọ̀n àìdánilójú rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bí dọ́kúmẹ́ǹtì, nítorí pé bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí fọ́tò lásán, ọjọ́ àti ibi tó wà nínú rẹ̀ yóò parẹ́. Fún àwọn tó ń lo máàpù ìjọba ti àtijọ́, ẹ rántí pé orí ìpìlẹ̀ ìwọ̀n ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Minna ni wọ́n gbé wọn kà. Bí a kò bá jẹ́ kí QGIS yí i padà sí èyí tí GPS ń lò, igi lè kúrò ní ipò rẹ̀ ní nǹkan bí 100 mítà.

Kì í ṣe gbogbo ibi ló yẹ kí gbogbo ayé mọ̀. Ní ọjà Bódè, mo bi ìyá àgbà kan tó ń ta ewé àti egbò léèrè ibi tí wọ́n ti ń rí èèpo igi kan tó wà níwájú wọn. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, bí mo bá fi igbó yẹn hàn ọ́, tí o sì fi sínú fóònù, ta ni kò ní débẹ̀?” Mo ní, “Òótọ́ lẹ sọ, màmá. Ẹ má bínú.” Wọ́n sọ orúkọ igi náà fún mi, wọ́n sì sọ bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n nígbà tí ewé rẹ̀ bá wọ́ tán, ohun tí n kò rí nínú ìwé kankan. Ìbẹ̀rù wọn tọ́. Igi tí wọ́n bá bó èèpo rẹ̀ yíká yóò kú. iNaturalist máa ń fi ojú ibi gan-an tí ẹ̀yà tó wà nínú ewu wà pamọ́, àwa náà sì lè yàn án fúnra wa; yóò gbé àmì náà sí ibì kankan nínú àpótí kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó nǹkan bí 22 kìlómítà. Ní tiwa, irú àpótí bẹ́ẹ̀ lè gba láti Mọ́níyà dé Ọjà Ọba. Mo ń lo ààbò yìí fún igi tí wọ́n ń bó èèpo rẹ̀ àti fún igi inú igbó òrìṣà, mo sì ń gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀ kí n tó ya ohunkóhun. Ìmọ̀ tí màmá yẹn fún mi náà, n kò kọ ọ́ síta títí wọn yóò fi ní kí n kọ ọ́.

Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi báyìí ni ti àwọn ìrókò tó kù láàárín ìlú. Igi akọ yàtọ̀ sí igi abo nínú ìrókò, igi akọ kì í sì í so èso. Àdán ló ń jẹ èso abo, tó sì ń gbé irúgbìn rẹ̀ kiri. Bí gbogbo ìrókò tó kù ní apá kan ìlú bá jẹ́ akọ, tàbí tí abo bá dá wà láìsí akọ nítòsí, a lè máa wo igi ńlá tó dúró ṣinṣin láìmọ̀ pé kò ní ọmọ kankan tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Máàpù tó fi àmì kan náà sórí gbogbo wọn kò lè sọ èyí fún wa. Nítorí náà, ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n bá ń yọ òdòdó, mo bẹ ẹnikẹ́ni tí ìrókò bá wà nítòsí rẹ̀, ní Òkè-Àdó, ní Àgọ́dì, ní Mọ́níyà tàbí níbikíbi, pé kí ó wo ilẹ̀ abẹ́ igi náà. Òdòdó akọ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń rọ̀ sísàlẹ̀. Ti abo kúrú, ó sì nípọn. Ẹ ya èyí tó bá já bọ́, ẹ fi ohun kan tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ sì kọ akọ tàbí abo sínú àkọsílẹ̀ náà.